Àkọsílẹ̀ Ọjọ́rú: Tíkẹ́ẹ̀tì Karlštejn, èwo ni ká rà?

Ọ̀nà kan wà tí ìrìn àjò lọ sí Karlštejn, ilé olódi àtijọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Tsẹ́kì, máa ń gbà bà jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Onítọ̀hún á ti rí àwòrán yàrá oníwúrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Prague, á gun òkè, á ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, á tẹ̀ lé afinimọ̀nà fún bíi wákàtí kan, á sì jáde láì fojú kan wúrà kankan. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ló ń wọ yàrá yẹn, wọ́n sì lè ti tà á tán kó tó kúrò nílé.

Ọlidé ń bọ̀, àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù sì ti ń wá ibi tí wọ́n máa lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilé olódi yìí fi gba gbogbo ojú ìwé òní. (Ẹ tètè rántí: ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò fisà Schengen kó tó wọ Tsẹ́kì. Ìwé ìgbélùú ti Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbà á.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe to ilé náà. Charles Kẹrin, ọba Bohemia (ilẹ̀ tó jẹ́ apá kan Tsẹ́kì lónìí), ló dá a sílẹ̀ ní 1348, lórí àpáta kan ní nǹkan bíi 30 kìlómítà sí Prague. Ńṣe ni wọ́n tò ó bí àtẹ̀gùn. Ilé ìṣọ́ kànga wà nísàlẹ̀ pátápátá, ààfin ọba wà lókè rẹ̀, ilé ìṣọ́ Màríà tún ga ju ààfin lọ, Ilé Ìṣọ́ Ńlá ló wá borí gbogbo wọn. Béèyàn ṣe ń gòkè ló ń kúrò níbi omi àti oúnjẹ, tó ń kọjá ibi tí ọba ń sùn, títí á fi dé ibi tí wọ́n kó adé àti àwọn ohun mímọ́ pa mọ́ sí. Tíkẹ́ẹ̀tì ò ṣe ju kó gé àtẹ̀gùn yìí sí wẹ́wẹ́. Ẹ bi ara yín pé ibo lẹ fẹ́ gùn dé.

Ìrìn àkọ́kọ́ dúró sí ààfin àti ilé ìṣọ́ Màríà. Ẹ ó rí yàrá ọba, ẹ ó sì rí ẹ̀dà adé Bohemia. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú kàtídírà Vitus Mímọ́ ní Prague, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo méje. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí ọba ti ń gba àlejò. Àárín fèrèsé ni ìjókòó rẹ̀ wà. Ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀, á máa wọ àlejò lójú, ojú ọba á sì wà nínú òjìji: òun rí ẹ, ìwọ ò rí i dáadáa. Àwa tí a mọ iṣẹ́ tí ìbòjú adé ìlẹ̀kẹ̀ ń ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn ò nílò àlàyé.

Ìrìn kejì ló gun òkè dé yàrá Àgbélébùú Mímọ́, ìyẹn yàrá oníwúrà inú àwòrán yẹn. Ó lé ní wákàtí kan àbọ̀, àwọn tó ń wọlé pọ̀ ò ju bíi mẹ́rìndínlógún lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn nìkan ni wọ́n sì ń ṣe é, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ṣe fújà. Èémí àti ooru ara èèyàn ń mú kí yàrá náà rin, ọ̀rinrin yẹn ló sì ń ba ọ̀dà àti wúrà ara ògiri jẹ́. Nítorí náà, ẹ gba àyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú.

Ìrìn kẹta, ti àjà òkè Ilé Ìṣọ́ Ńlá, wà fún ẹni tó fẹ́ wo igbó àti àfonífojì. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó fi í sílẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń kó bá èèyàn ni èdè. Èdè Tsẹ́kì ni ọ̀pọ̀ ìrìn. Tòyìnbó ní àsìkò tirẹ̀, owó rẹ̀ sì ga jù. Ẹni tí kò lè dúró á bá ẹgbẹ́ tó kàn wọlé, á wá máa wo ẹnu afinimọ̀nà lásán. Ó sàn kéèyàn dúró, kó lọ wo kànga, tó jìn ju 70 mítà lọ, tí wọ́n fi àgbá ńlá tí èèyàn ń tẹ̀ yípo fa omi rẹ̀.

Láti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Prague, ọkọ̀ gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ ó sọdá odò Berounka, ẹ ó sì fẹsẹ̀ gun òkè fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn tó ń pàdánù àsìkò ìrìn wọn, orí òkè yìí ló ti ń pẹ́ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé.

Ká sọ òótọ́, ìrísí òde tẹ́ ẹ rí nínú àwòrán kì í ṣe ti Charles látòkèdélẹ̀. Josef Mocker, ayàwòrán ilé kan, tún un ṣe láàárín 1887 sí 1899, ó sì tún un ṣe bó ṣe rò pé ilé Gótíìkì, irú ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Yúróòpù láyé Charles, yẹ kó rí. Inú lọ́hùn-ún ni ohun àtijọ́ gan-an wà. Síbẹ̀, ó sàn ju ilé olódi Neuschwanstein ní Jámánì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ilé ayé àtijọ́, tí wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí di 1869.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn kejì bá ti tán ńkọ́? Pátákó mọ́kàndínláàádóje (129) ni Theodoric, ayàwòrán ààfin Charles, kun fún yàrá yẹn, mélòó kan nínú wọn sì wà ní ilé Agnes Mímọ́ ní Prague, tó jẹ́ ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé nígbà kan, lábẹ́ ilé ìkóhun-ọnà-sí ti orílẹ̀-èdè. Ẹ lè sún mọ́ wọn dáadáa níbẹ̀. Ẹ wo etí férémù: ọ̀dà aṣọ àwọn ẹni mímọ́ ti ṣàn kọjá pátákó bọ́ sórí igi férémù, bíi pé àyè ò gbà wọ́n. Ẹ wá ihò tí wọ́n gbẹ́ sára férémù náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi egungun àti ohun ìrántí ẹni mímọ́ sí.