Ọdún 2024 mi: kẹ́mísírì alẹ́ ní Houston

Ọdún 2024 ti ń kógbá sílé. Láti January ni àwọn ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ ti ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti iṣẹ́ alẹ́ lọ́rùn. Òótọ́ ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀, ní community college kan, ilé ìwé gíga ọlọ́dún méjì, ní Houston níbí. Mo parí bàọ́lọ́jì apá kìíní, kẹ́mísírì apá kìíní àti apá kejì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú Organic Chemistry apá kìíní ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi náà, tó ń dáná alẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá ní kíláàsì.

Màámi ní Ìbàdàn ló ṣòro jù láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún. Ohun táwọn mọ̀ ni pé láti ilé ìwé girama lọmọ ti ń lọ kọ́ṣẹ́ dókítà: á ṣe UTME, á mú Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, tí máàkì rẹ̀ bá tó, ó wọlé, ọdún mẹ́fà, ó parí. Ní Amẹ́ríkà, dìgírì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣíwájú, àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì kan sì wà tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Yunifásítì Johns Hopkins wà lára àwọn tó kọ́kọ́ béèrè fún dìgírì nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé ìṣègùn wọn ní 1893, ìròyìn Flexner ti 1910, tó yẹ àwọn ilé ìwé ìṣègùn wò, ló wá ti àwọn tó kù sí ọ̀nà yẹn. Màámi ní, "Ti Ifẹ̀ tó o gbà ńkọ́? Ṣé wọn ò rí i ni?" Mo ní, "Wọ́n rí i, Màámi. Àmọ́ ìṣirò owó ni mo kà níbẹ̀, kì í ṣe kẹ́mísírì." Ìyẹn nìkan sì kọ́. AMCAS, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn ń gba fọ́ọ̀mù wọn níbẹ̀, kì í ka máàkì tá a gbà ní Nàìjíríà mọ́ GPA, àròpín máàkì wa. Texas ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ TMDSAS, ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sì ń béèrè 90 kírẹ́díìtì láti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á fún ọ lókun. Ṣáà máa sùn."

Ìdí tí mo fi yan community college ò lọ́jú pọ̀. Owó rẹ̀ wọ́lẹ̀ ju ti yunifásítì lọ, wọn kì í lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà, kíláàsì alẹ́ sì wà, tí mo fi lè gbabẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mi ò retí ni bí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣe dáa tó. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní kẹ́mísírì lórí pátákó náà ló ń dúró tì wá ní láàbù. Ó mọ orúkọ mi, ó sì ń pè é bó ṣe yẹ. Lórí ìlà tèmi, ọkùnrin kan wà tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ìyá kan láti El Salvador tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, àti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tí kò tíì parí ilé ìwé girama. Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn dénú.

Ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn sọ fún mi pé àwọn ilé ìwé ìṣègùn á fojú tín-ín-rín kírẹ́díìtì mi. Mi ò bá a jiyàn. Mo sanwó MSAR, níbi tí AAMC, àjọ àwọn ilé ìwé ìṣègùn, kó ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ń gbà jọ sí, mo sì jókòó kà á. Kálukú ló ní òfin tirẹ̀. Àwọn kan gbà á láìsí àríyànjiyàn, àwọn kan fẹ́ kí sáyẹ́ǹsì jẹ́ ti yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, àwọn mìíràn á gbà á tẹ́ ẹ bá ti lọ ṣe èyí tó ga jù ú lọ ní yunifásítì lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn Texas gbà á, òfin ìpínlẹ̀ yìí sì ní kí ó kéré tán 90% àyè ní ilé ìwé ìṣègùn ìjọba jẹ́ ti ará Texas. Nọ́ńbà kọ́ọ̀sì pàápàá bára mu nínú àwọn community college ìpínlẹ̀ yìí: CHEM 1411 ni kẹ́mísírì apá kìíní, 1 àkọ́kọ́ ni ọdún kìíní, 4 ni iye kírẹ́díìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ ka ti àwọn ilé ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Alẹ́ tàìtíréṣọ̀n, tí a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó, ò lè kúrò lọ́kàn mi. Kíláàsì kọmáṣà ni mo wà ní ilé ìwé girama, ẹnu ọ̀nà láàbù ni mo mọ. Lọ́dún yìí mo di bíùrétì mú, ọ̀pá gíláàsì tó ń kán omi. Sodium hydroxide, tó ń pa agbára ásíìdì, wà nínú rẹ̀ lókè, ásíìdì wà nínú ìgò nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán phenolphthalein díẹ̀, tó máa ń pọ́n tí ásíìdì bá ti tán. Mo ń fi ọwọ́ òsì ṣí i, mo ń fi ọ̀tún mi ìgò náà po. Nígbà tó kù díẹ̀, ibi tí ẹ̀kán bá bọ́ sí á pọ́n fìrí, tí mo bá mì ín, á tún mọ́ gaara. Olùkọ́ ní kí n dẹwọ́, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan bọ́, gbogbo omi náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sì lọ mọ́. Ara mi gbọ̀n. Ohun tí mo ti ń ṣírò lórí ìwé wà níwájú mi, mo fojú rí i.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní October, ìyá àgbà kan tó ní àtọ̀gbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mí jinlẹ̀jinlẹ̀, kíákíá, òórùn bí èso tó ti pọ́n jù ń jáde lẹ́nu wọn. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì pe 911, wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n sì padà wá láàyè. Iṣẹ́ tí mo máa ń ṣe náà ni mo ṣe. Àmọ́ bí mo ṣe dúró tì wọ́n tí mo di ọwọ́ wọn mú, mo mọ ohun tó ń lọ. Insulin ò tó, ara wá ń jó ọ̀rá, ketone tó ń tibẹ̀ jáde ń sọ ẹ̀jẹ̀ di ásíìdì, bẹ́ẹ̀ àárín 7.35 sí 7.45 ló yẹ kí pH ẹ̀jẹ̀, òṣùwọ̀n ásíìdì rẹ̀, wà. Bicarbonate inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé ásíìdì náà, ó ń di omi àti carbon dioxide, ẹ̀dọ̀fóró sì ń lé carbon dioxide jáde ní gbogbo agbára rẹ̀. Mímí tí wọ́n ń mí yẹn, ara wọn ló ń jà fún wọn. Orí buffer, ohun tí kì í jẹ́ kí pH yí padà púpọ̀, la ti kọ́ ọ, nínú kẹ́mísírì apá kejì. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ community college ò jinlẹ̀, ìyá yìí ni màá rántí.

Ìgbà ooru la ṣe apá kejì yẹn, wọ́n fún iṣẹ́ oṣù mẹ́rin mọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní July 8 ni ìjì Beryl wá dé, iná sì lọ nílé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ooru mú wa gan-an. Iná ọwọ́ la fi kàwé, bí a ṣe ń kà á nílé.

Àwọn kan ní kí n kó kọ́ọ̀sì mẹ́rin pọ̀ kí n yára parí. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ní AMCAS, tẹ́ ẹ bá feeli kọ́ọ̀sì kan tẹ́ ẹ tún un ṣe, máàkì méjèèjì ni wọ́n máa kà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ò gbọ́dọ̀ fi GPA ta tẹ́tẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kọ́ọ̀sì kan, ó pọ̀ jù méjì.

Ní January, bàọ́lọ́jì apá kejì àti Organic apá kejì ló kàn, físíìsì á tẹ̀ lé e. Biochemistry di ìgbà tí mo bá dé yunifásítì, mo sì fẹ́ ṣe é kí n tó jókòó sí MCAT, ìdánwò ìwọlé ilé ìwé ìṣègùn, nítorí láti 2015 ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ gan-an níbẹ̀. Ìwé kẹ́mísírì mi ti ọdún kìíní ṣì wà nílẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì ojú àti ẹ̀wù láàbù kan tó ti kéré jù fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ní January ní Houston, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi ni màá kó o fún, ọ̀fẹ́ ni.