Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ọgbà: ìrìnàjò ogún ìṣísẹ̀ nígbà ooru

Ìrìnàjò yìí kò gba ẹrù. Láti ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ìdí ọgbà lè má ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìkánjú rìn ín, ìrù ẹyẹ tó ń sá lọ nìkan ni yóò rí. Àkókò tí a gbéra ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà ooru, wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ọjà ẹyẹ máa ń kún. Tó bá fi máa di ọ̀sán gangan, ọjà ti tú, kálukú ti wọ abẹ́ ewé lọ. Ẹyẹ kì í làágùn. Ṣe ló máa ń yanu tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ kí ooru ara lè bá èémí jáde. Bí ẹ bá rí àdàbà lórí ẹ̀ka tí ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, àìsàn kọ́, ara ló ń tù.

Àwo omi ni ibùdó àkọ́kọ́, ibẹ̀ ló sì yẹ ká pẹ́ sí jù. Ọkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ní tiwa, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo la lè gbé síta nígbà ooru, omi ni. Ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò kò ní yà sídìí ọkà, àmọ́ kò sí èyí tí òùngbẹ kì í gbẹ nínú wọn.

Abọ́ pẹrẹsẹ ni kẹ́ ẹ lò: kí omi etí rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí ti àárín má sì kọjá 5. Abọ́ tó jìn, tí inú rẹ̀ ń dán, máa ń yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn ò sì ní wọ̀ ọ́. Òkúta kan tàbí méjì tí orí rẹ̀ yọ síta ló ń tún un ṣe, oyin náà á sì ríbi dúró mumi láìkú sínú rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ náà síbi tí òjìji ń bò lọ́sàn-án, kó jìnnà sí igbó tó bá wà nítòsí ní mítà 2 sí 3. Bó bá sún mọ́ igbó jù bẹ́ẹ̀, ológbò á lúgọ síbẹ̀. Bó bá sì jìnnà jù, ẹyẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ti rin gbindin kò ní tètè fò débi ìsápamọ́ bí àṣá bá yọ.

Ọjọ́ méjì méjì ni kẹ́ ẹ máa da omi náà nù. Ẹ má kàn bu omi tuntun lé ti àná o. Nínú ooru, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyin ẹ̀fọn fi ń di tanwíjí tí yóò sì hu ìyẹ́, nítorí náà ẹni tó ń bu omi lé omi, ẹ̀fọn ló ń sìn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ po ife bílíìṣì kan mọ́ ife omi 9, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abọ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣan án títí òórùn yóò fi lọ, kó sì gbẹ nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó wú ìyẹ́, tó ń tòògbé létí abọ́, tí kò sì sá nígbà tí ẹ sún mọ́ ọn, àìsàn ti dé. Ẹ kó omi àti oúnjẹ kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè tú ká.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ológoṣẹ́ á bu díẹ̀, á gbójú sókè bí adìẹ kó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun. Àdàbà àti ẹyẹlé ní tiwọn á ki ẹnu bọ omi, wọn á fà á mu láìgbórí. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti dá wọn mọ̀ látòkèèrè.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rá ẹran tí àwọn kan ń gbé síta fún ẹyẹ ń yọ́ nínú ooru, á lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Ọkà tó bá tutù ń bu. Èyí tí wọ́n lè jẹ tán lóòjọ́ ni kẹ́ ẹ gbé síta. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni hummingbird, ẹyẹ kékeré tó ń fa omi dídùn inú òdòdó mu, wà: ife ṣúgà funfun kan sí ife omi 4 ni tiwọn, kò gbọdọ̀ ní oyin tàbí aró pupa nínú. Ẹ má sì fín oògùn kòkòrò, torí ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ ọkà ń fi kòkòrò bọ́ ọmọ wọn. Àdàbà àti ẹyẹlé kò sí nínú wọn. Ohun kan bíi wàrà tí àpò ọ̀fun wọn ń sun ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ, takọ tabo.

Awò olójú méjì tó dára jù fún ẹ̀yìnkùlé ni 8x42: 8 ni iye ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan sún mọ́ni, 42 sì ni ìbú gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Èyí tó bá jẹ́ 10 ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ náà di ńlá. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ fi òsì wo nǹkan tó dúró sójú kan, kẹ́ ẹ yí òrùka àárín awò náà títí ohun tí ẹ ń wò yóò fi hàn kedere. Ẹ wá di òsì, kẹ́ ẹ yí òrùka ara ojú ọ̀tún nìkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á wolẹ̀ láti wá awò, ẹyẹ á sì ti lọ. Ojú kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹyẹ. Awò ni kẹ́ ẹ gbé wá bá ojú. Áàpù Merlin ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn lè lò lórí fóònù, ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń sín ohùn ẹlòmíì jẹ lè tàn án, nítorí náà ẹ fojú rí i kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ooru bá ń parí lọ, ọ̀pọ̀ ẹyẹ ń pààrọ̀ ìyẹ́. Wọ́n á dákẹ́, orí àwọn mìíràn á pá, wọn ò sì ní jọ àwòrán inú ìwé mọ́.

Lórí koríko, ẹ rọra. Ọmọ ẹyẹ tó ti hu ìyẹ́, tí ìrù rẹ̀ kúrú, tó sì ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún kò sọnù. Àwọn òbí rẹ̀ ń wò ó látòkè. Ẹ mú ológbò wọlé, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó wà níhòòhò ni kẹ́ ẹ dá padà sínú ìtẹ́. Irọ́ ni pé ìyá á kọ̀ ọ́ torí òórùn ọwọ́ èèyàn. Ẹyẹ tó na apá gbalaja sílẹ̀, tó yanu bí ẹni ń kú lọ, lè jẹ́ pé oòrùn ló ń yá.

Nídìí ọgbà, ìkòkò fífọ́ tí a dojú rẹ̀ dé, tó ní àlàfo létí, ni ilé ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ fi ewé jíjẹrà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún kòkòrò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ fi aṣọ funfun kọ́, kẹ́ ẹ tan iná síwájú rẹ̀. Láàárín wákàtí kan, àfòpiná á ti bò ó, àdán á sì máa fò yí òkè rẹ̀ ká. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ paná, kẹ́ ẹ gbọn aṣọ náà jẹ́jẹ́ sínú ewé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ológoṣẹ́ á ti ṣa àwọn àfòpiná náà jẹ tán kẹ́ ẹ tó jí.