Ẹrù Tí Èjìká Yóò Gbé

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, nílé wa ní Ilé-Ifẹ̀, mo tú gbogbo ẹrù tí mo fẹ́ gbé gba Benin àti Togo dé Gánà sórí ẹní, nítorí n kò fẹ́ kí àpò tí n ó máa gbé kọ́ èjìká fún oṣù mélòó kan kọjá kílò 10.

Yẹ́lò káàdì, ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí wọ́n ń béèrè ní ẹnubodè Gánà, ni mo kọ́kọ́ fi pamọ́. Mo yọ ṣòkòtò jíìnsì kúrò, torí kì í tètè gbẹ.

Ìyá mi kò bá mi jiyàn, wọ́n kàn rọra ń ki ọ̀rá gàrí bọ ẹ̀gbẹ́ bàtà mi, wọ́n ní, “Ṣé èyí náà wúwo ni?” Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó lé ní kílò 2! Ta ló tó yọ ọ́?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni àwọn òbí yín ti kì bọ àpò yín rí?