Táǹkì kún, ẹ̀rọ ò dúró

Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀rọ omi wa ti ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ báyìí! Kóòdù tí mo fi C, èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà, kọ, tó ń lọ geere lórí láptọ́ọ̀pù mi, ni mo gbé sórí bọ́ọ̀dù ATmega328P (kọ̀ǹpútà kékeré inú ṣíìpù kan) tó ń darí ẹ̀rọ omi ilé wa ní Tanke, ní Ilorin. Táǹkì kún, omi ń dà ṣọ̀ọ̀ṣọ̀, ẹ̀rọ ò dúró. Màámi ń pariwo lẹ́yìnkùlé.

`int iye;` (àyè tí òǹkà ń gbé) ni mo kọ, n kò fi `= 0` sí i. Ó yẹ kó ka ìgbà tí omi kan sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ̀ bí omi dé) dé 5, kó pa ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n inú fọ́ńṣọ̀n (abala kóòdù tó ní iṣẹ́ tirẹ̀) ni mo ti kọ ọ́ lásán, C kì í fi òdo síbẹ̀ fúnni (ti ìta fọ́ńṣọ̀n àti èyí tí a bá kọ `static` sí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún). Ohunkóhun tó ṣẹ́kù nínú ìrántí ṣíìpù ló gbé, kò sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Lórí láptọ́ọ̀pù, òdo ló ṣe kòńgẹ́. Mo wá fi `= 0` sí i.

Ojú LCD, gíláàsì kékeré tó ń fi ọ̀rọ̀ hàn, náà ní tirẹ̀: "ILORIN", àmì rádaràda tẹ̀ lé e. Lẹ́tà 6, àyè 6 ni mo fún un, `\0` tó ń parí ọ̀rọ̀ ò ríbi jókòó. C sì gbà á láìjanpata! Mo sọ ọ́ di 7.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ fúnra rẹ̀, Màámi fọwọ́ kan táǹkì. Wọ́n ní, "Ó ti gbọ́rọ̀."