Kì í ṣe Owó ni Kò Sí, Ọwọ́ ni

Ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó wa ni ohùn àǹtí mi wọlé sórí WhatsApp láti Àkúrẹ́. Wọ́n ti rí fọ́tò. Wọ́n kí mi, wọ́n súre, wọ́n pè mí lọ́mọ Olóyèmẹkùn, wọ́n wá ní: “Òyìnbó tó ṣe ojú ẹ yìí mọṣẹ́ o. Èló ló gbà?” Mo fèsì pé kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ojú, tí mo ṣe irun, tí mo wé gèlè. Èsì wọn kò pẹ́ rárá: “Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba pọ́n-ùn! Ọjọ́ kan ṣoṣo láyé, o wá ń láhun sí ara ẹ.”

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gún mi, kò sì tíì jáde lára mi. Bí ará ilé bá ti gbọ́ pé ọmọ wọn wà lókè òkun, owó ni wọ́n ń rí. Wọn kì í bèèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ní Àkúrẹ́, ta ló ń ṣe ojú ara ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ ilé ọkọ, ẹni tó máa ṣe mékọ́ọ̀pù ti dé ilé wa ní Òkè-Àró kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń dáná lẹ́yìnkùlé. Nínú yàrá, ẹnì kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó kí òógùn má ba àtíkè jẹ́, ẹnì kan di díńgí mú, ẹnì kan ń rọra fi ṣíbí bọ́ ọ lógì kí lípsítíìkì má bàa parẹ́. Èmi ni mo di píìnì gèlè mú. Mẹ́rìnlá ni. Bí obìnrin náà bá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, èmi á fi ẹyọ kan sí i lọ́wọ́.

Ìlú tí mò ń gbé báyìí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú kékeré ni, ní àríwá ilẹ̀ England. Ìwé ni mo wá kà, mo sì dúró, mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ọmọ Oǹdó ni ọkọ mi, ibí la ti pàdé.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí a kò wá ṣe é nílé. Mi ò lè jáde ni. Ìwé ìgbélùú mi wà níwájú ìjọba ibí lásìkò yẹn, ẹni tó bá sì kúrò nílùú kí wọ́n tó dá a lóhùn, bí ẹni fà á ya ló rí, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ti ìgbéyàwó gan-an náà ní ìlànà tiẹ̀. Àwa méjèèjì lọ jókòó níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, a fi tó wọn létí pé a fẹ́ fẹ́ra wa, wọ́n lẹ orúkọ wa síta fún gbogbo ayé láti rí. Ọjọ́ 28 ni ènìyàn máa ń dúró kó tó lè ṣe é. Bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ ìlú wọn, wọ́n lè sún un di ọjọ́ 70. Tiwa di 70. Láàárín ọjọ́ 70 yẹn la tọrọ físà fún màmá mi, kò jáde. Àwọn ẹbí ọkọ mi wá láti Oǹdó sí Àkúrẹ́, wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́ láìsí èmi, láìsí ọkọ. Fóònù kan ni wọ́n gbé ti ìgò wáìnì lórí tábìlì, inú ẹ̀ la wà.

Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ibí bèèrè lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Méjì péré. Nígbà tí òṣìṣẹ́ yẹn sọ ọ́, mo rántí yàrá ẹ̀gbọ́n mi, mo sì wo ilẹ̀.

Ẹ má rò pé mi ò wá ẹni tó máa ṣe mí lóge. Mo kọ́kọ́ lọ sílé ìṣaralóge kan láàárín ìlú wa. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣèèyàn, ó tú gbogbo àpótí ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dúdú jù nínú fandéṣọ̀n tó ní kò sún mọ́ àwọ̀ mi. Ó po méjì pọ̀. Nígbà tí mo wo díńgí, ojú mi rí bí ẹni fi eérú pa á. Ó fọwọ́ kan irun mi, ó ní kí n má bínú, wọn kò kọ́ òun ní irú irun báyìí. Mo bá kàn sí arábìnrin wa kan ní Manchester tó mọṣẹ́ gidi gan-an. Nọ́ọ̀sì ni, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ṣe mékọ́ọ̀pù. Ọjọ́ Ẹtì sì ni ọ́fíìsì ìgbéyàwó fún wa. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: owó tó pè kò kọjá agbára mi. Mo ti yà á sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fúnra mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí mo bá ti iṣẹ́ òru dé, kí n tó sùn, màá jókòó sí fèrèsé, màá ṣe ojú, màá yà á ní fọ́tò, màá fọ̀ ọ́ dànù. Ohun tí ojú nílò nílé kọ́ ló nílò níbí. Ní Àkúrẹ́, òógùn ni ọ̀tá, àtíkè la fi ń bá a jà. Níbí, hítà ló ń gbẹ ojú bí èpo ẹ̀pà, tí fandéṣọ̀n á máa ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ lẹ́bàá imú. Òrí ló gbà mí. Mo ń fi pa ojú lálẹ́, ní díẹ̀díẹ̀, títí awọ ara fi rọ̀. Mo tún rí i pé ìpara tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ fún oòrùn, èyí tó ní zinc oxide nínú, máa ń sọ iwájú orí mi di funfun báláú bí kámẹ́rà bá tanná. Mo yọ ọ́ kúrò. Gọ́ọ̀mù irun ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́, mo kọ́ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ kánjú lẹ̀ ẹ́ bó bá ṣe ń tutù lọ́wọ́. Ẹ dúró díẹ̀ kó fà bí ewédú tó fẹ́ gbẹ, yóò mú títí di alẹ́.

Irun ni màmá mi gbà láti bá mi dá sí. Wọn kò fẹ́ kí n fi iná jó o. Wọ́n ra òwú dúdú l’Ọ́jà Ọba, wọ́n fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ síbí. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo fọ irun, mo fi òrí ra á, mo pín in, mo sì kó o lówùú bí wọ́n ṣe ń kó o fún wa nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá kó irun mọ́jú, tó tú u láàárọ̀, ó máa ń nà gbọọrọ láìsí iná. Ti iwájú kò ṣòro. Ti ìpàkọ́ ni wàhálà. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ìpàkọ́ mi ni èkù tèmi. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé díńgí kan síwájú, mo gbé ọ̀kan sẹ́yìn, mo ń wá ojú òwú. Apá mi wúwo. Nílé, màmá mi á jókòó sórí àga, èmi á wà láàárín orúnkún wọn, wọ́n á máa fi òòyà ta mí lórí pé kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni, pẹ̀lú òwú lẹ́nu.

Oṣù kejìlá ni. Ní Àkúrẹ́ lásìkò yẹn, bó bá fi máa di aago 7, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ọyẹ́ lè wà lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹ ó ríran. Níbí, aago 8 lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Mékọ́ọ̀pù tí èèyàn bá sì ṣe lábẹ́ gílóòbù, yóò yàtọ̀ bó bá dé ìta. Mo ti ṣe irun tán, mo wẹ̀ tán, mo jókòó sí fèrèsé, mò ń dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ọkọ mi sùn sílé ọ̀rẹ́ ẹ̀, nítorí a fẹ́ pa ìyẹn nìkan mọ́, pé kó má rí mi kó tó di àkókò. Ilé dákẹ́. Hítà nìkan ló ń dún. Màmá mi pè ní aago 6, aago 7 lọ́dọ̀ wọn, nítorí wákàtí kan ni wọ́n fi ṣáájú wa nígbà òtútù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já wọn lórí “Orí ẹ kò ní...”, kò sì wọlé mọ́ títí mo fi jáde nílé.

Mo ṣe ojú. Ó dára. Mo mọ̀ pé ó dára. Mo yí padà láti bèèrè pé “Ṣé ó dáa?” kí n tó rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó wà ní Òkè-Àró, tí kò tíì dá wà nínú yàrá kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá ọkọ mi ti sọ fún mi nípa ijó obìtun l’Óǹdó, tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọbìnrin tó ń bọ́ sípò obìnrin, bí wọ́n ṣe ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìtàn náà ni pé, bí wọ́n bá ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọbìnrin náà kò ní ṣe ju kó jókòó lọ. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni yóò máa ṣiṣẹ́ lára ẹ̀.

Gèlè ló kù. Aṣọ òkè ni, sányán, ó le bí pátákó. Mo gbé etí ẹ̀ síwájú orí, mo ká a sẹ́yìn, mo fà á padà síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele. Ìgbà kìíní, ó tú. Ìgbà kejì, ó tẹ̀ sí apá kan. Kò sí ẹni tó máa di ẹ̀yìn mú kí n ráyè gún píìnì. Níkẹyìn, mo fi ìpàkọ́ ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi igi ilẹ̀kùn náà tẹ àwọn ìpele mọ́lẹ̀, mo wá na ọwọ́ méjèèjì lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Igi ilẹ̀kùn ni mo fi ṣe ọwọ́ kejì.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì náà, ẹlẹ́rìí mi, ìyá àgbà òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, wò mí, ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án. Ìborùn mi ti yọ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé e padà sí èjìká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Ọwọ́ ẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ẹlòmíràn tó kan aṣọ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́ tó kù. Bí mo bá gbé fọ́tò mi sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ràn tèmi. Ojú tí wọ́n ṣe fún un pupa ju ọrùn ẹ̀ lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun wo díńgí, òun kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ti ń pariwo pé ó rẹwà, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ojú tèmi, èmi ni. Màmá bàbá mi ni, tí a bá wo ẹnu àti iwájú orí. Ẹni tó bá ń ṣe ojú ara ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Bóyá ǹ bá má rí ìyẹn ká ní mo wà nílé. Mi ò kábàámọ̀ pé mo wá síbí, mi ò sì kábàámọ̀ ọkọ tí mo rí níbí. Iṣẹ́ mi ni owó ilé-ìwé àbúrò mi fi ń jáde ní gbogbo sáà, àǹtí mi náà mọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní ahun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Màmá mi ti wo fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́, mo mọ̀, nítorí wọn kò sọ̀rọ̀ ojú, wọn kò sọ̀rọ̀ aṣọ. Wọ́n ní:

“Ta ló bá ẹ di ẹ̀yìn gèlè yìí mú?”

“Kò sí ẹnì kankan, Màámi.”

Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wọn lábẹ́lẹ̀.

“Apá ò ro ẹ́?”

“Ó ro mí, Màámi. Ó ṣì ń ro mí.”