Torí iyán ni mo ṣe lọ s'Adó, inú kọ̀ǹpútà ni mo ti bá a

Ọjọ́ Ẹtì ni mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ s'Adó-Èkìtì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ ẹnjiníà, tí ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣèwádìí. Ti ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká fi í lẹ̀. Àmọ́ òkè Ẹ̀fọ̀n yẹn, háà! Kùrukùru bo gbogbo ẹ̀, dẹ́rẹ́bà ń yí kọ́nà díẹ̀díẹ̀, màmá tó jókòó tì mí ò dákẹ́ àdúrà títí a fi já sí Ìyìn.

Odó ti ń dún lẹ́yìnkùlé kí n tó wọlé. Ìyàwó wọn àti ọmọ wọn dojú kọra, ọmọ odó méjì ń lọ sókè-sódò, wọn ò fi kanra. Bá a ṣe jókòó sídìí oúnjẹ mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tiẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe gan-an?" Wọ́n bu iyán, wọ́n fà á, ó ń fà bíi rọ́bà. "Èyí náà ni."

Wọ́n ní ohun tí ò le bí irin, tí ò sì ṣàn bí omi, bíi rọ́bà, fóòmù, jẹ́ẹ̀lì, iyán, ìdílé kan náà ni wọ́n, kódà ará Faransé kan, Pierre-Gilles de Gennes, gba Nobel torí irú iṣẹ́ yìí ní 1991. Tá a bá se iṣu, omi gbígbóná á mú kí sítáàṣì inú ẹ̀ wú, odó á wá fọ́ àwọn àpò kéékèèké tó wà nínú iṣu, sítáàṣì á tú jáde, àwọn okùn ẹ̀ á lọ́ mọ́ra wọn, òun ló ń jẹ́ kó máa fà.

Bí àwọn okùn yẹn ṣe ń rìn ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ máa tọ átọ́ọ̀mù, ìyẹn àwọn ègé bíńtín tó para pọ̀ di gbogbo nǹkan, lẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ ẹ̀ kan ò ju kéèyàn pín sẹ́kọ́ǹdù kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, kó tún pín ìkọ̀ọ̀kan sọ́nà bílíọ̀nù kan. Ìgbà wo ló fẹ́ parí? Ni wọ́n bá ń kó átọ́ọ̀mù bíi mẹ́rin pọ̀, wọ́n á kà á sí ìlẹ̀kẹ̀ kan, wọ́n á sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Lẹ́yìn náà wọ́n á fa ti gidi ní láàbù, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ń parọ́.

Wọ́n fi hàn mí lálẹ́, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti aró ń yí mọ́ra bí ekòló. Láti Túsìdeè ló ti ń ṣiṣẹ́ o, àkókò tó tíì ṣírò nínú ìrìn àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ò tó kéèyàn ṣẹ́jú! Ibi tá a ti ń wò ó lọ́wọ́ niná lọ, èmi ni mo pariwo, wọ́n kàn ń wá tọ́ọ̀ṣì, "Ó máa ń tọ́jú ibi tó bá dé, àbúrò, lọ sùn."

Láàárọ̀ mo ṣí iyán tó ṣẹ́kù, ó ti gan. Wọ́n ní òtútù ló mú káwọn okùn yẹn tún sún mọ́ra. Mo ní ṣebí àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún ń jóni lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, "Tòwe nìyẹn, tẹ tìẹ wò."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú àtàǹpàkò mi wà níbẹ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.