Ta ló ń wa ta?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò kúrò létí mi. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lásán ni o, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò onímọ́tò, kò mọ̀ pé mo ti dé, ló bá ń sọ fún èkejì ẹ̀ pé, "Màmá yẹn àti jíìpù ẹ̀, nínú àwọn méjèèjì, ta ló ń wa ta?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rín in débi pé ọ̀gá wọn yọjú wá wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ kúkú mọ Àjànàkú, jíìpù mi. Ẹni tó bá ti wà níbí látìgbà ọ̀rọ̀ gíábọ́ọ̀sì mọ ohun tójú mi rí. Tòní, omi ló tún ń jò. Mo ti fi gbogbo ẹnu bú rédíétọ̀, kò mọwọ́ kò mọsẹ̀, pọ́ǹpù omi ni. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀, tí síìlì tó ń dí omi nínú ẹ̀ bá ti jẹ, ibẹ̀ lomi á máa gbà sun tó, tó, tó. Ọ̀gá ní kí n fìka kàn án, omi ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó pọ́n bí ìpẹtà. Mo lọ Gate n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, mo ra tòkunbọ̀, torí ẹni tó ń ta tuntun gan-an ò lè búra pé ojúlówó ni. Aago márùn-ún kọjá ká tó parí. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ta ló ń wa ta. Sátidé mélòó ni mo ti fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn? Ìgbéyàwó àbúrò mi, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo ti wé gèlè, dígí ẹ̀gbẹ́ Àjànàkú ni mo fi wojú. Epo ńkọ́? Láti 2023 tí wọ́n ti ní ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹ́ńjìnnì V6 ńlá bíi tiẹ̀ kì í ṣe ohun tèèyàn ń gbé lọ ra ẹ̀kọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ń tún un ṣe tún wá yọ thermostat ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, jù nù, ó ní oòrùn ilẹ̀ wa ò jẹ́ ká nílò ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò wá gbóná tó bó ṣe yẹ mọ́, ó ń mu epo bí ẹni jẹ gààrí gbígbẹ. Ọdún tó kọjá la tó dá a padà. Mo lè tà á o. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́...

Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa lẹ́yìn Ìdí-Ayùnrẹ́ nígbà òjò. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tó wá kó ẹ̀gẹ́ rì, a so okùn, mo fa lífà kékeré yẹn sí 4L, ìyẹn jíà tó lọ́ra tó sì lágbára, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà pọ̀, mi ò tẹ iná rárá, ó kàn ń wọ́ ọ bọ̀ jẹ́jẹ́, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bu amọ̀ jẹ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò béèrè ta ló ń wa ta. Àbí wọ́n béèrè, mi ò gbọ́ ni.

Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, kì í ṣe ti mọ́tò ló ká mi lára. Màmá wo? Èmi tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pè ní Àǹtí! Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe Àjànàkú, mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù nígbà yẹn. Kò dùn mí o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọmọ yẹn náà ló sáré wá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé nígbà tí mo ń lọ. "Ẹ wo omi ẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣíná o, mà." Mo fún un ní ẹgbẹ̀rún kan. Mi ò mọ ohun tó gún mi ní kẹ́ṣẹ́.

Mo tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò kí n lè mọ̀ bó bá ń jò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó. Ó gbẹ. Ó gbẹ táútáú. Àfi etí ẹ̀ lápá ọ̀tún, àmọ́ òjò ṣẹ́ díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìyẹn lè jẹ́ òjò.